Ọmọ Tó Pààrọ̀ Ohùn Gìtá Bàbá Rẹ̀

Ìkánjú ni àléébù ọmọ àbúrò mi tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ìkánjú àti pé kò fẹ́ kí ohùn ẹnikẹ́ni ga ju tirẹ̀ lọ. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá jókòó tí a ń ṣàwàdà, òun ni yóò pariwo jù, bí àwàdà náà kò tilẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Aláriwo. Mo mọ ìtàn ìdílé wa láti orí bàbá bàbá mi títí dé orí ọmọ ọwọ́ tó dé kẹ́yìn, n kò sì ní fi èyí pamọ́ torí pé ọmọ wa ni.

Bàbá rẹ̀, àbúrò tó tẹ̀lé mi, ń ta gìtá oníná kí ó tó kú. Gìtá náà ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Abẹ́ okùn irú gìtá bẹ́ẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù máa ń wà, òòfà kékeré tí a wé wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ mọ́. Òun ló ń gbọ́ ohun tí okùn bá sọ, tó ń gbé e lọ sínú áńpù, àpótí tó ń mú ohùn ga, kí gbogbo ilé tó gbọ́. Méjì ló wà lára gìtá yìí, ọ̀kan lápá ọrùn, ọ̀kan lápá ìdí. Ti apá ìdí ló máa ń dún gooro. Àbúrò mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e, lórí tábìlì oúnjẹ, fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn pé ibo ni kí òun gbé abọ́ sí. Mo wà níbẹ̀.

Ìyàwó náà di opó, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ rẹ̀ a jókòó tì í, a ta orin kan tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ìyàwó àbúrò mi a fẹ̀yìn ti àga.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ọ bí? Ó ti dé."

Kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún un lára ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún kan, píkọ́ọ̀pù apá ìdí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ha, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá. Èmi àti Aláriwo jọ gbé gìtá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń tún ohun èlò orin ṣe. Ọ̀gá tú u, ó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò.

"Wáyà ló já nínú rẹ̀. Fi sílẹ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá rọra wé e padà bí ẹni tó ni ín ti wé e."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Sátidé yìí la fẹ́ ṣeré! Ọ̀gá, èwo ló lágbára jù nínú àwọn tuntun tó wà nínú àpótí gíláàsì yìí?"

"Ohùn là ń wá, ọmọ mi, kì í ṣe agbára. Èyí tó lágbára jù máa bo ti apá ọrùn mọ́lẹ̀. Ó tún fẹ̀ ju ihò gìtá yìí lọ, àfi ká gbẹ́ igi rẹ̀."

"Ẹ gbẹ́ ẹ."

"Kì í ṣe èmi. Bí o bá kánjú, mú èyí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sún mọ́ ti bàbá rẹ, ó sì bá ihò mu. Kó o wá tọ́jú ti àtijọ́ títí àyè á fi yọ."

Aláriwo bú sẹ́rìn-ín. "Irú èyí, ẹni tó fẹ́ sùn ni kí ẹ tà á fún! Onígìtá ẹgbẹ́ kejì ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ọmọ mi, rọra. Rántí orin ìyá ẹ."

"Ìyá àgbà, ẹ fi ọ̀rọ̀ gìtá sílẹ̀ fún onígìtá."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára, mo bá panu mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo panu mọ́.

Nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sára páálí ló fi yan tirẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló rà. Nígbà tó délé, ó mú irin káfíńtà, ó gbẹ́ igi náà fúnra rẹ̀ títí ó fi sán. Ó fi ẹ̀mú fa ti àtijọ́ yọ, gbogbo wáyà rẹ̀ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì jù ú sínú pàǹtírí. Àwọn akólẹ̀ kó o lọ ní Fráìdè.

Ní Sátidé, ó bo onígìtá kejì mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n fò sókè. Ó bá mi sọ ọ́ bí ẹni tó jagun bọ̀.

Ọjọ́ kejì, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò tíì ta orin náà dé ìdajì tí obìnrin náà fi gbé orí sókè.

"Ta ló ń ta gìtá yẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Gìtá ta ni?"

"Ti Bàámi ni." Ó ń yí bọ́tìnnì, ó ń dín áńpù kù, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń dún bí agolo.

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Orin náà nìyẹn. Bàbá rẹ kọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Aláriwo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá béèrè pé, "Ti àtijọ́ yẹn ńkọ́?" Ó ní àwọn akólẹ̀ ti kó o lọ. Ọ̀gá wé mẹ́ta fún un láàárín oṣù mẹ́rin, kò sí èyí tó jọ ọ́, torí kò sí ẹni tó lè ṣe bí ọwọ́ àbúrò mi. Nígbà tó fi ẹ̀kẹta ta orin náà, ìyá rẹ̀ wulẹ̀ ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Fi sílẹ̀, má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́." Kò béèrè orin náà mọ́ títí ó fi kú ní ọdún yẹn. Aláriwo ṣì ń ta gìtá níbi púpọ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Orin yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò lè ta.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Kí ẹ tó ju ohun àtijọ́ nù, ẹ béèrè ẹni tó ṣì nílò rẹ̀ nínú ilé. Ogún tó wà lọ́wọ́ yín lè má jẹ́ tiyín nìkan. Ẹ̀yin àgbà náà, bí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ gún yín, ẹ má ṣe bínú dákẹ́ bí mo ti ṣe. Ẹ tún un sọ.