Ojú Tí Ebi Ń Pa

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Arínọlá kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀la ni ilé ìwòsàn yóò fi ojú ẹ̀rọ rọ́pò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ dókítà fúnra rẹ̀ gbà pé epo pupa lè wò ó sàn.

"Mo ní kí o má jó epo yìí," ó sọ fún ààrò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń dáná tó sì ń sọ̀rọ̀. "Jíjó ń ba ohun tó ń wo ojú sàn nínú rẹ̀ jẹ́."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó epo ọbẹ̀ ayamáṣe." Ààrò sì jó epo náà títí ó fi funfun.

"Ẹ̀fọ́ tí mo fẹ́ fi jẹ iṣu ni mò ń sè!"

"Ẹ ó gbádùn ẹ̀, Màmá."

Arínọlá pa ẹ̀rọ ààrò náà. Ó táràrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ìgò epo, ó da epo pupa tí a kò tíì jó sórí iṣu gbígbóná, ó sì pe ilé ìwòsàn.

"Ẹ fi ojú ẹ̀rọ yín pamọ́," ó wí. "Ebi ló ń pa tèmi, mo sì ti ń fún un lóúnjẹ."