Ṣáàsì Píjó Fágbénró

Ìlaròó ni, lọ́dún 1978.

Ọkùnrin ìṣúránsì tó wá láti Èkó rá pálá jáde lábẹ́ ọkọ̀ Píjó Fágbénró.

"Bàbá, ilé-iṣẹ́ wa ò ní tún ọkọ̀ yìí ṣe. Ṣáàsì rẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti jó o pọ̀ kí ìjàǹbá yìí tó ṣẹlẹ̀."

"Ká má rí i! Típà tó kọlù mí lọ́nà Ayétòrò ló kán an!"

"Ta ló wá jó o? Ẹnikẹ́ni ò ṣáà gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò."

Fágbénró ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti jó o. Àárọ̀ yìí ló ti ọsibítù dé.

Ó fi ọ̀pá gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo irin ṣáàsì lábẹ́ ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ gún régé, wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

Ó fi ahọ́n kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Bí mo bá purọ́, kí Ògún pa mí!"

Ọkùnrin náà mi orí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Eruku rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí Ọ̀ṣunníyì, ẹ̀gbọ́n Fágbénró, fi dé láti ṣọ́ọ̀bù, dígí dúdú tó fi ń jó irin wà níwájú orí rẹ̀. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Àbúrò mi, kú ewu! Ṣé o ti wo abẹ́ ọkọ̀ ẹ? Èmi ni mo jó o nígbà tí o wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí o má wálé wá bá ìbànújẹ́."

Fágbénró wo ọ̀nà tí ọkùnrin ìṣúránsì gbà lọ.

Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ògún á gbè yín."