Ìwé Tí Ọ̀gbẹ́ni Fátókùn Kò Kà Tán

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Fátókùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lọ́wọ́, ní àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ba omi àti afẹ́fẹ́ wọn jẹ́, kí wọ́n lè rí owó ìrànwọ́ gbà láti fi tún ibùgbé wọn ṣe. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í gba rìbá, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àléébù tirẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kì í jọ ọ́ lójú.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin mẹ́ta wá bá a láti abúlé Ìgbó-Àdán. Ìyá Ṣubúọlá, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló ṣáájú. Ọdún mẹ́fà ni àwọn afọ́kúta ti ń fọ́ òkè ẹ̀yìn ilé wọn. Eruku rẹ̀ ti ba kànga jẹ́, ó bo ẹ̀fọ́ lóko, ó sì sọ àwọn ọmọ wọn di oníkọ́. Ìyá Ṣubúọlá fa ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ owó ìrànwọ́ yọ. Tíṣà abúlé ló bá wọn kọ ọ́ lédè Yorùbá, ohun tí ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan ti rí ló sì wà níbẹ̀.

Fátókùn wò ó fìrí. "Màmá, ta ni yóò ka èyí? Ẹ lọ wá ẹni tó máa kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wá."

"Ọ̀gá, a ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin la ní kẹ́ ẹ bá wa ṣe é, kí ọjọ́ tí wọ́n máa dẹ́kun gbígba ìwé má baà kọjá."

"Ọjọ́ ṣì pọ̀," ó ní, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Ìgbà tí wọ́n fi rí akọ̀wé kan ní ìlú kejì, tí wọ́n sì padà dé, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti dẹ́kun gbígba ìwé. Ìyá Ṣubúọlá ò pariwo. Ó kàn ní, "A dúpẹ́ o," wọ́n sì wọkọ̀ padà sílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ náà pe Fátókùn lórí fóònù. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé láti àgbègbè àwọn afọ́kúta? Nítorí wọn gan-an la ṣe gbé owó yìí kalẹ̀." Fátókùn ṣàlàyé. Obìnrin náà ní, "Ṣé ẹ ka ojú ewé kẹrin ìwé ìlànà tí a fi ránṣẹ́ sí yín?"

Fátókùn ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí àwọn ará ìlú fi ẹnu ara wọn sọ ìyà tó ń jẹ wọ́n, ní èdè yòówù kó jẹ́. Ojú ewé kejì lòun ti dúró. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín owó náà fún àwọn mìíràn.

Ó gbọ̀nà Ìgbó-Àdán lọ. Ìyá Ṣubúọlá gbé àga fún un, ó sì fún un ní omi inú ọ̀rá, torí wọn kì í fún àlejò ní omi kànga mọ́. Fátókùn ń gbọ́ ikọ́ ọmọ kékeré kan láti inú yàrá. Ó gbé omi náà sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n 'ẹ má bínú' ò ṣeé fi fọ kànga."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé tó dé ọwọ́ Fátókùn tí kò kà dé ìsàlẹ̀. Ó ti bá abúlé púpọ̀ rí owó gbà. Ṣùgbọ́n irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ò tíì tún yọjú fún Ìgbó-Àdán.

Ẹ̀yin ọmọ, bí a bá fi yín ṣe alágbàwí ẹlòmíràn, ẹ má fojú tín-ínrín ẹnu tó fi ń sọ ìrora rẹ̀. Ẹ tètè gbọ́ ọ, ẹ sì gbọ́ ọ tán. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.