Ìlà Tó Wà Lọ́rùn Àwọn Ìyàwó Fùwàd

Obìnrin mẹ́ta ni Fùwàd pa ní àdúgbò Nkololoun, ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, láàárín ọdún mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí kì í ṣe Fùwàd nìkan ni ìtàn yìí bá wí.

1.
Béèlì aṣọ òkìríkà ni Fùwàd ń tà. Ọmọ Ìwó ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ìrun kì í sì í fò ó. Kò fẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Douala rí. Ilé ló ti ń ránṣẹ́ mú ìyàwó wá: ọmọbìnrin tí kò gbọ́ Faransé, tí kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí. Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi ọ̀rọ̀ obìnrin ṣàwàdà níwájú ṣọ́ọ̀bù, á na ìka sí wọn.

"Ẹ̀yin lobìnrin ń kó ẹrù kúrò nílé yín. Obìnrin kan ò kọ̀ mí rí!"

"Ọ̀gá wa ni ẹ́ jàre, Fùwàd!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

2.
Ìyá kan tó ń jẹ́ Fàòsíyà ló máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí wa ní àdúgbò náà. Ṣálúbàtà ló ń tà. Òkú wíwẹ̀, nítorí Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n kọ́ ọ tó fi di ẹni ọ̀wọ̀: ohunkóhun tí o bá rí lára òkú, bò ó láṣìírí.

Nígbà tí Ṣìkẹ́, ìyàwó àkọ́kọ́, kú, Fùwàd ní ibà ni. Fàòsíyà rí ìlà kan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka, etí rẹ̀ gún bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Ó wé òkú náà ní àlà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin ín. Fùwàd sunkún títí tí wọ́n fi dì í mú.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nùsíràt kú. Ibà náà ni. Ìlà náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, Fàòsíyà lọ bá Alájì Barakatullahi, olórí àwọn ará wa níbẹ̀.

"Alájì, ohun tí mo rí lọ́rùn ọmọ yẹn kì í ṣe ibà o."

"Fàòsíyà, ta ló ní kí o máa wo ọrùn?"

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, sà."

"Ẹni tó wẹ òkú kì í ròyìn òkú. Àbí o fẹ́ kí pólíìsì wá máa béèrè káàdì séjúù, ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́ wa ni? Èèyàn mélòó nínú wa ló ní ìwé?"

Fàòsíyà dákẹ́. Ó pe ìdákẹ́ náà ní ẹ̀sìn.

3.
Àmírát ni wọ́n mú wá tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún méjìlélógún. Kò tíì lo oṣù mẹ́jọ tó fi gbé àpò rẹ̀ wá sí ìsọ̀ Fàòsíyà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

"Ìyá, mo fẹ́ padà sílé. Mo ti sọ fún un láàárọ̀."

"Kí ló wá wí?"

"Ó kàn ń wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín." Ó sún mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wẹ àwọn tó fẹ́ ṣáájú mi. Kí ló pa wọ́n?"

Ojú Fàòsíyà wà lára àpò náà. Okùn pílásítíìkì tí wọ́n fi ń di béèlì ni Àmírát fi dì í. Ó fẹ̀ tó ìka, etí rẹ̀ gún. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin yìí mọ̀!

"Ibà ni," ó ní. "Padà sílé ọkọ rẹ, ṣe sùúrù. Màá bá Alájì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wà lọ́dọ̀ yín títí di Jímọ̀, Ìyá. Ilẹ̀ ni màá sùn."

"Kí ni ayé máa wí? Pé mo gba ìyàwó oníyàwó sílé?"

Àmírát gbé àpò rẹ̀, ó padà.

4.
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pe Fàòsíyà pé kó wá wẹ òkú. Ó gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè. Kò da omi kankan sí i. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà.

"Fàòsíyà, ṣílẹ̀kùn," Alájì ní. "Àwọn èèyàn ti tò láti kírun sí i lára."

"Mi ò ṣí i. Ẹ pe pólíìsì, àbí kí èmi pè wọ́n."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Àṣírí òkú lo fẹ́ tú yẹn!"

"Àṣírí òkú kọ́, Alájì. Àṣírí apààyàn la ti ń bò láti ọjọ́ yìí. Ọmọ yìí bi mí léèrè, mo parọ́ fún un. Èmi ni mo dá a padà fún Fùwàd!"

Láàárín àwọn tó ń bá a kẹ́dùn, ẹkún dá lẹ́nu Fùwàd.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Fàòsíyà mú fóònù rẹ̀ jáde, ó pe pólíìsì.

5.
Pólíìsì tí Alájì ń bẹ̀rù dé. Wọn ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọrùn ni wọ́n wò.

Nígbà tí wọ́n bi Fùwàd léèrè, kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́. Ó ní òun bẹ àwọn ìyàwó òun kí wọ́n má lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń tẹnu mọ́ ilé. "Ṣé kí gbogbo ọjà wá máa fi mí rẹ́rìn-ín ni?" Ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ mẹ́ta nìyẹn o: ẹ̀rín ọjà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa ọmọ yín lé ọkọ tó wà lẹ́yìn odi lọ́wọ́, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yin olórí tí ẹ̀rù ìwé ń bà ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ìwọ tí o sì rí nǹkan, bo àbùkù òkú, ṣùgbọ́n má bo ọwọ́ tó pa á. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Fùwàd wà ní àtìmọ́lé. Ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Alájì Barakatullahi ṣì ni olórí. Fàòsíyà kò wẹ òkú mọ́. Wọ́n ti hú òkú Nùsíràt fún àyẹ̀wò. Wọn ò tíì rí sàréè Ṣìkẹ́, torí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sí i.