Epo Maṣíìnì Tí Àkànó Kọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn.

Ní abúlé Ọ̀dàn-Ẹfọ̀n, ní apá Òkè-Ògùn, ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Àkànó. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í gba ìmọ̀ràn, pàápàá bí ó bá ti ẹnu ìyàwó rẹ̀ jáde.

Àkànó ní kẹ̀kẹ́ kan tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Láràárọ̀ ni ó máa ń fi àkísà nu ara kẹ̀kẹ́ náà títí yóò fi máa dán. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ṣéènì, kì í nù ún. Yóò ti ìka bọ epo pupa, yóò sì fi pa á lórí ìdọ̀tí àná. Ṣéènì náà á máa dán bí ètè ọmọ tó jẹ iṣu elépo.

Aránṣọ ni Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Maṣíìnì tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó ń lò, ó sì mọ bí a ti ń tọ́jú irin. Á kọ́kọ́ gbọn èérún òwú kúrò nínú rẹ̀, á kán epo díẹ̀ sí i, á sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo ilẹ̀. Epo pupa dì lára ṣéènì, eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí Àkànó bá ń ti oko bọ̀, ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ̀ wọlé: kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ ọ, á gbé omi ìwẹ̀ kaná.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró mú ìgò epo maṣíìnì kan wá bá a.

"Bàbá Àrìnọlá," ó ní, nítorí Àrìnọlá ni orúkọ ọmọ wọn tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, "ẹ dákun, ẹ fi karosíìnì fọ ṣéènì yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá kán epo yìí sí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Epo tó fúyẹ́ ló ń wọnú irin. Epo ọbẹ̀ yẹn, òde ló ń dúró sí tó ń kó iyanrìn jọ. Iyanrìn ọ̀hún á sì máa lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata."

Àkànó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo alágbẹ̀dẹ obìnrin! Ṣé maṣíìnì ni mò ń gùn lọ sóko ni? Bàbá mi fi epo pupa pa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ títí ó fi darúgbó."

"Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún dà, Bàbá Àrìnọlá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Àkànó. "Gbé ìgò rẹ. Padà sídìí aṣọ tí ò ń rán."

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí. "Inú àpótí maṣíìnì ni mà á fi í sí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ mú un."

Ọjọ́ ọjà ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Gbogbo ará abúlé ti lọ sọ́jà, àwọn méjèèjì nìkan ló wà lóko. Àwẹ̀ró ń ṣa igi ìdáná nígbà tí paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò wà nílùú, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Àkànó gbé e jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbéra.

Àwẹ̀ró di ìbàdí ọkọ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. "Ẹ rọra o," ó ní. "Ẹ má gbé mi ṣubú kún ti ejò." Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè kan. Àkànó dìde lórí kẹ̀kẹ́, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ṣéènì já. Iyanrìn ti lọ oríkèé rẹ̀ títí ó fi di tín-ín-rín. Àkànó wá òkúta, ó fi kàn án pọ̀. Ó tún já. Ó tún kàn án.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ máa tì mí lọ." Kò sọ̀rọ̀ epo. Kò bá a wí.

Àkànó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, ó ń pè é, "Àwẹ̀ró!" Obìnrin náà ń dáhùn. Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́, ó kàn ń mí. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan ọrùn Àwẹ̀ró.

"Bàbá, ẹ pẹ́ lọ́nà," ni ó sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú Àwẹ̀ró, Àkànó ṣí àpótí maṣíìnì. Ìgò epo náà wà níbẹ̀, ó kún. Àkísà mímọ́ kan wà lára rẹ̀, èyí tí Àkànó yóò máa fi nu ṣéènì. Àwẹ̀ró ti ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa.

Àkànó ra ṣéènì tuntun. Ó ń fi karosíìnì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ́ kó gbẹ, ó ń kán epo sí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń nu ìyókù kúrò. Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún mọ́. Bí ó bá ń ti oko bọ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Kò sì sí ẹni tó ń retí ìró rẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹ má wo ẹnu tí ìmọ̀ràn ti jáde, ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ohun tó ń dán lóde lè ti jẹ tán nínú. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì ní kí ẹ tún nǹkan ṣe, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.