Ìgbálẹ̀ Wèrè

Nígbà ọ̀dọ́ wọn, Fátóókí sọ fún gbogbo abúlé pé wèrè ni Òjéwùmí ọ̀rẹ́ òun, torí pé ó ń fi ìgbálẹ̀ na ewé àgbàdo. Ni Àṣàkẹ́, àfẹ́sọ́nà Òjéwùmí, bá kọ̀ ọ́, ó lọ fẹ́ Fátóókí.

Lónìí, òfin ni kí gbogbo àgbẹ̀ na àgbàdo wọn láàárọ̀, kí èròjà tí ewé fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru lè jí kí oòrùn tó mú.

Agogo tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ooru ń bọ̀ ti dún. Ikán ti jẹ ìgbálẹ̀ Fátóókí.

"Òjéwùmí, jọ̀ọ́, yá mi ní tìrẹ! Oko mi fẹ́ jóná."

"Wèrè kì í yá èèyàn ní ìgbálẹ̀."

"O ò tíì gbàgbé?"

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé."

Òjéwùmí kẹ́yìn sí i, ó ń na àgbàdo tirẹ̀ bí ẹni ń na olè. Ewé Fátóókí ti ń ká kò.

"Ó dáa!" Fátóókí kígbe, gbogbo oko gbọ́. "Mo mọ̀ nígbà náà pé orí rẹ pé. Àṣàkẹ́ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ!"