Pupa Ìdí Ọkọ̀

Rùkáyà kò rí òkun rí. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni ilé rẹ̀ wà, odò Ọ̀ṣun sì ni omi tó tóbi jù lọ tí ojú rẹ̀ mọ̀. Kò mọ ábídí náà, kéú nìkan ló kà. Ṣùgbọ́n tó bá di ká wo àwòrán ọkọ̀ òkun ká sọ bóyá ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀, kò sí alákọ̀wé kan ní Òkè-Fìà tó lè bá a du ìyẹn.

Abdullateef ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Inú ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun ni Abdullateef ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, ó fi àwòrán ọkọ̀ náà hàn án lórí fóònù.

"Ẹ wò ó, Màmá. Òkè rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ pupa. Bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, á rì wálẹ̀, omi á bo pupa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ nìyẹn. Bí a bá ti já ẹrù, á fúyẹ́, á gbéra sókè, pupa á yọ. Bí ẹ bá ti ń rí pupa, ẹ máa retí mi."

"Pupa tó pọ̀ tó wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá ṣe pọ̀ tó ni mo ṣe sún mọ́lé tó. Iyán Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni kí ẹ fi dè mí o."

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Salmah ìyàwó rẹ̀ ti wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀dọ̀ Rùkáyà ló sì ń gbé. Oyún oṣù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọ̀hún, Àgbékẹ́, ti ń di àga mú dìde báyìí, bàbá rẹ̀ kò tíì gbé e rí.

Oṣooṣù ni àwòrán ọkọ̀ máa ń wọlé sórí fóònù Rùkáyà, ohùn ọmọ rẹ̀ á sì tẹ̀lé e: "Màmá, ẹ wo pupa." Rùkáyà á gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùyídéènì onífọ́tò. Mùyídéènì á tẹ àwòrán náà sórí bébà, Rùkáyà á fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀. Ìka ọwọ́ ló fi ń wọn pupa: ìka kan, ìka kan ààbọ̀, nígbà mìíràn kò sí rárá. Lóṣù tí kò bá sí rárá, oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an ni.

Nígbà tó yá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Salmah ní ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ̀kì ojú òkun kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, fóònù dún. Nọ́ńbà tó wọlé kì í ṣe ti Abdullateef. Àwòrán ni, ìkọ̀wé òyìnbó gígùn wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn kò sì tẹ̀lé e. Rùkáyà wò ó, ó ní alhamdulillah. Pupa ló kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dán bí ẹ̀yìn igbá. Dúdú díẹ̀ ló kù létí omi, orúkọ ọkọ̀ sì wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Lẹ́tà náà rí bákan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé kì í bá lẹ́tà jà.

Ó pe ìyá Salmah ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. "Àna mi, ẹ bá mi fi iṣu ránṣẹ́. Abdullateef ti dé tán. N ò rí irú pupa yìí rí."

Ní ṣọ́ọ̀bù, Mùyídéènì gba fóònù, ó ka ìkọ̀wé náà. Ó tún un kà.

"Màmá, ṣé ẹnì kankan ti rí èyí?"

"Ìwọ lẹni àkọ́kọ́. Àbí o ò rí bó ṣe pọ̀ tó?"

"Mo rí i, Mà." Ó yọjú wo ìta. "Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Gé ìkọ̀wé yẹn kúrò, kí o sì tẹ̀ ẹ́ kó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mùyídéènì ṣe bó ṣe wí. Kò gba owó. Rùkáyà ṣàdúrà fún un pé wọn á jọ ṣe ayọ̀, ó ṣe àmín, kò gbójú sókè. Bí Rùkáyà ṣe ń jáde, Mùyídéènì ti ń wá nọ́ńbà kan lórí fóònù tirẹ̀.

Rùkáyà kan àwòrán náà mọ́ ògiri. Ó fọ aṣọ fèrèsé, ó sá tìmùtìmù Abdullateef sóòrùn, ó ń kọ́ Àgbékẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá.

Aago méjìlá kò tíì lù tí Salmah fi wọlé. Kì í tètè dé bẹ́ẹ̀. Àkànó, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Rùkáyà, àti lèmọ́mù àdúgbò ló tẹ̀lé e wọlé.

"Mùyídéènì kò lè pa á mọ́ra," Rùkáyà ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ káàbọ̀ o."

"Rùkáyà, jókòó," Àkànó wí.

"Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín ná. Rárá, ẹ kọ́kọ́ wá wo pupa." Ó mú wọn lọ síwájú ògiri, ó na ọwọ́ sí i. "Ìka mẹ́jọ gbáko ni, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ náà ti fúyẹ́ pátápátá. Kò sí nǹkan kan tó kù nínú rẹ̀ mọ́."

Àkànó ṣí fìlà rẹ̀. Lèmọ́mù ń wolẹ̀. Salmah gbé Àgbékẹ́ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rọra mú ọwọ́ náà kó di ọmọ mú dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló yọ ìṣó kékeré náà, ó yí orí àwòrán sísàlẹ̀, ó sì kàn án padà: orúkọ ọkọ̀ dúró ṣánṣán bíi ti àwọn mẹ́rìnlá yòókù, pupa bọ́ sí ìdí rẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, gbogbo omi òkun sì wà lórí rẹ̀.